Ọkùnrin Karùn-ún Lókè Àjà

Èèyàn mẹ́rin ló yẹ kó wà nídìí tábìlì nínú fíìmù yẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti wò ó tán lórí fóònù mi kí n tó gbé e sínú ẹ̀rọ: bàbá, ìyá, àna wọn obìnrin, àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan tó ń bu ọbẹ̀ ju ẹni tó se é lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tàn án sókè àjà yàrá wa ní Ṣàngótẹ̀dó, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, márùn-ún ni mo kà. Ẹnì karùn-ún dúró lẹ́yìn àga. Kò wo oúnjẹ, kò wo àwọn tó ń jẹun. Ìsàlẹ̀ ló ń wò, níbi tí ọkọ mi dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe dọ́dọ̀ wa, kí ẹ má baà ní orí mi ti dàrú. Ọlábùnmí ni mí, èmi ni mo ń rán sùtánà fún ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun. Bíríkìlà ni Samson ọkọ mi. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ yẹn, pákó tí òun àti Àyànṣọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lé yẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Igbó Ẹfọ̀n. Àyànṣọlá kú lójú ẹsẹ̀. Samson fi ọrùn ṣèṣe, wọ́n de ọrùn náà mọ́ nǹkan líle, wọ́n ní kó máa kọjú sókè títí yóò fi san.

Dókítà sọ fún mi pé egungun ń jinná, pé àìjẹun ló máa pa á. Láti ìgbà tó ti délé ló ti pa ẹnu dé. Ṣíbí ògì méjì, ó ti tó. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́, ó ti pọ̀ jù. Àjà nìkan ló ń wò. Ẹ̀rù ń bà mí gidi. Mo fẹ́ràn ọkọ mi, n kò sì ṣe tán láti di opó.

Ó fẹ́ràn sinimá tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, ojú rẹ̀ kò sì lè débẹ̀. Mo rò ó títí, mo ní bí ojú rẹ̀ kò bá lè kúrò lókè, ẹ jẹ́ kí sinimá gòkè lọ bá a. Bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Àṣírù lọ́nà ọjà nìyẹn, mo ní kó fi ẹ̀rọ tí ń tan sinimá sára ògiri hàn mí, èyí tí wọ́n ń pè ní pirojẹ́kítọ̀. N kò ní irú rẹ̀ rí.

Ó gbé mẹ́ta síwájú mi. "Mọ́mì, ńlá yìí ló mọ́lẹ̀ jù. Eléyìí lè bá oòrùn jà."

"Ṣé ó lè gbójú sókè?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Sókè báwo?"

"Sókè àjà. Ẹni tó dùbúlẹ̀ ló fẹ́ wò ó."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ńlá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú èyí tó kéré jù, tí kò ju agolo mílíìkì lọ. "Ẹ gba eléyìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yí, ó sì ní bátìrì tiẹ̀, tí wọ́n bá mú iná lọ kò kàn yín. Àmọ́ kò lágbára púpọ̀ o, ẹ gbọ́dọ̀ ta kọ́tìnì dáadáa. Àjà yín ńkọ́, ṣé funfun ni?"

"Pákó ni."

"Háà, pákó máa gbé àwòrán yẹn mì. Ẹ na aṣọ funfun sí i, kó má ní ìlà."

Aṣọ funfun kọ́ ló máa wọ́n nílé aránṣọ sùtánà. Ṣùgbọ́n ti oníbàárà ni gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, àfi ọ̀pá méjì kan lábẹ́ máṣìnnì mi. Mo mọ̀ ọ́n. Àjákù aṣọ tí mo fi rán sùtánà ìkẹyìn Àyànṣọlá ni. Nínú ìjọ tiwa, àjákù aṣọ òkú kì í gbélé, abẹ́ orí òkú là ń ká a sí nínú pósí. Lọ́jọ́ ìsìnkú náà, ilé ìwòsàn ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Samson. Mo fi sùtánà rán èèyàn, mo gbàgbé àjákù. Mo di aṣọ náà mú títí, mo wá ní, "Aṣọ ṣáà ni." Mo gbé ìṣó, mo kàn án mọ́ àjà, gẹ́lẹ́ lókè ojú ọkọ mi.

Nígbà tí mo rí ẹnì karùn-ún, mo dá fíìmù náà dúró, mo ṣí i lórí fóònù. Mẹ́rin. Mo tún gbójú sókè. Àwọn mẹ́rin dúró gbagidi, ọbẹ̀ dúró lẹ́nu ṣíbí. Karùn-ún kò dúró. Ó ń wé àkísà mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn bíríkìlà kan ṣe máa ń ṣe kí wọ́n tó gbé búlọ́ọ̀kù. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù gba yàrá.

"Ìwọ náà rí i?" Samson ló sọ̀rọ̀.

"Ta ni?" Mo bèèrè, bẹ́ẹ̀ mo ti mọ̀.

"Àyànṣọlá."

Mo gun àga kí n fa aṣọ náà ya. Ó ní, "Má yọ ọ́, Bùnmí. Ẹnu mi ló ń dúró dè."

Omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Àyànṣọlá ló so pákó náà láàárọ̀, ó sì so ó dáadáa. Òun Samson ló tú okùn ẹ̀gbẹ́ kan kó lè fi fa garawa sókè. Ó ní òun ó so ó padà. Ó gbàgbé.

"Nílé ìwòsàn, wọ́n bi mí pé ta ló so okùn. Mo ní Àyànṣọlá ni. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán."

Gbogbo ìjọ ló ń sọ pé àìbìkítà Àyànṣọlá ló pa á, tó sì fẹ́ẹ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ mọ́ ọn. Ṣèyílọ́lá ìyàwó rẹ̀ kò lè fara dà á, ó kó lọ sí Eleko, ó ń yan ẹja. Èmi náà ti bá wọn sọ ọ́ rí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ọkọ mi.

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo pe Ṣèyílọ́lá títí, kò gbé fóònù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó tún pè é, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó bọ́ bàtà rẹ̀ síta. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Samson sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Obìnrin náà kò pariwo, kò sunkún.

"Bọ̀dá Samson, ṣé ẹ lè sọ ọ́ báyìí níwájú ìjọ?"

"Kí wọ́n ṣáà gbé mi débẹ̀. Màá sọ ọ́."

Ó mi orí. "Ó ní ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ní?" mo bi í.

"Bàbá Ànú ni, Àǹtí. Ó bá mi nídìí ẹja lánàá, lọ́sàn-án gangan. Ó ní kí n máa bọ̀, pé Bọ̀dá Samson ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ bá mi sọ."

Bàbá Ànú ni Àyànṣọlá. Samson ló kọ́kọ́ bèèrè, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé ó dárí jì mí?"

Ṣèyílọ́lá gba ṣíbí ògì lọ́wọ́ mi.

"Kò sọ ìyẹn, Bọ̀dá. Ó ní kí n rí i pé ẹ jẹun. Ó ní òun ò tíì fẹ́ rí yín níbi tí òun wà."

Samson ya ẹnu. Ó jẹ ògì náà tán, ó sì ní ká bu sí i.