Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dárúkọ Iye

Àárín ọjà ni wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n ọjà náà kò sí lórí ilẹ̀. Inú géèmù ló wà, nínú fóònù, níbi tí àwọn èèyàn tí kò mọ ara wọn rí ti ń ta idà, ẹṣin, fìlà àti ìyẹ́ fún ara wọn, tí wọ́n sì ń fi wúrà inú géèmù sanwó. Aránṣọ ni ọmọbìnrin tí ìtàn yìí dá lé. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti ń ránṣọ. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lọ́sàn-án, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á wọ inú géèmù lọ. Abẹ́rẹ́ ló pe ara rẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó dúró ní gbangba ọjà, ó wọ ìyẹ́ aláró kan tó ti ní láti ìgbà tí géèmù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó kọ ọ́ sójú gbogbo ayé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń ra irú èyí?"

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní òun á fi ẹṣin arọ kan pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn ní kó kúkú fi ta òun lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ kan ti wọlé sí i.

"Bọ́ ọ kúrò lára kíá. Bí iṣu ẹni bá ta, ṣe là ń fọwọ́ bò ó jẹ."

"Ta nìyẹn?"

"Adíyelé ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó ṣe géèmù yìí ò ṣe irú ìyẹ́ yẹn mọ́. Èyí tó kù ò pọ̀, àwọn tó ń wá a sì pọ̀ bí eṣú. Àwọn tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín yẹn, itọ́ ló ń dà lẹ́nu wọn."

Abẹ́rẹ́ bọ́ ìyẹ́ náà. "Kí ló dé tí ìwọ náà ò kàn rà á lọ́wọ́ mi ní pọ́ọ́kú?"

"Èmi kì í parọ́ iye ọjà."

Gbólóhùn yẹn ló mú un. Ẹlòmíràn a rí ojú ọkùnrin kó tó kó sọ́wọ́ ìfẹ́. Òótọ́ ẹnu ẹni tí kò rí rí ló gbé òun ṣubú.

Òótọ́ sì ni. Nínú ọjà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ra ohun ńlá tàbí tó ń tà á láì bi Adíyelé. Á wo iye irú rẹ̀ tó kù, á wo àwọn tó ń béèrè rẹ̀. Èyí tó ní ó ga jù ni kí á wo ẹni tó fẹ́ tà á. "Bí olọ́jà bá ti ń kánjú," ló máa ń wí, "ìdajì iye ti lọ nìyẹn." Ìdí nìyí tí àwọn méjì tó bá fẹ́ ṣòwò níbẹ̀ kì í fi í fẹ́ kọ́kọ́ dárúkọ iye. Ọ̀kan á ní, "Sọ tìẹ." Èkejì náà á ní, "Rárá o, ìwọ ni kó o sọ tìẹ." Wọ́n lè wà lẹ́nu ẹ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù.

Nígbà tí Abẹ́rẹ́ àti Adíyelé wá fojú kan ara wọn lóde géèmù, wọ́n rí i pé ọ̀nà wọn kò jìn. Táyà ni Adíyelé ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà. Ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún rọ́bà, ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ló sì fi ń rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi sọ àga onígi ìyá Abẹ́rẹ́ di tirẹ̀. Yóò jókòó sáàárín àjákù aṣọ, wọn yóò sì máa bá ara wọn ṣàwàdà.

"Kí la máa jẹ, Abẹ́rẹ́ mi?"

"Sọ tìẹ."

"Rárá o, sọ tìẹ!"

Ebi á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu wọ́n pa kí ẹnì kankan tó gbà.

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí wo aṣọ tó wà lára ògiri, ó sọ iye rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ mi, ó sọ iye rẹ̀. Ọjọ́ tó máa wò ọ́ ni mò ń dúró dè."

"Màámi, ọpọlọ ló ní."

"Mo gbọ́. Ọpọlọ náà ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹnì kan wà tí ìyá yìí ìbá fẹ́ kó fẹ́ ọmọ rẹ̀. Oníná ni, ẹni tó ń tún iná mànàmáná ṣe, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkejì wọn. Fáànù wọn kì í bàjẹ́ kó má wá tún un ṣe, bí kò bàjẹ́ náà á wá wò ó. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó ń wá. Lọ́jọ́ tí oníná bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, Adíyelé á sún mọ́ Abẹ́rẹ́ gbágbáágbá, á máa pè é ní adé orí òun. Lọ́jọ́ tí oníná kò bá sí, fóònù rẹ̀ ló máa ń wò. Abẹ́rẹ́ rí i, ó ní owú ló ń jẹ ẹ́, ó sì ní ẹni tí kò bá nífẹ̀ẹ́ kì í jowú. Inú rẹ̀ ń dùn, ó dùn débi pé kò ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Lọ́jọ́ kan, níwájú ṣọ́ọ̀bù táyà, Abẹ́rẹ́ kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí.

Adíyelé fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ dárúkọ iye, àbí?"

Àwàdà ni. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò kọjá eyín.

Ó wá rò ó pé bóyá ẹ̀rù ló ń ba ọkùnrin náà pé òun lè bá ẹlòmíràn lọ. Ó pe oníná, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó wá ìyàwó níbòmíràn. Oníná kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ní kò burú. Lẹ́yìn náà ni Abẹ́rẹ́ ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú ọjà yẹn.

Nínú géèmù náà, èèyàn lè so ẹ̀bùn mọ́ orúkọ ẹni tó fún. Ohun tí wọ́n bá ti so, kò ṣeé tà mọ́, kò ṣeé fún ẹlòmíràn, títí ayé. Òdòdó àti òrùka yẹ̀yẹ́ ni àwọn olólùfẹ́ máa ń so. Abẹ́rẹ́ mú ìyẹ́ aláró, ó so ó mọ́ orúkọ Adíyelé, ó fi ránṣẹ́. Ó wá sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà kó lè rí ojú rẹ̀.

Ó bá a lórí òkìtì táyà, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti dàrú.

"O so ó," ni Adíyelé wí.

"Mo so ó mọ́ orúkọ rẹ, olólùfẹ́ mi."

"O pa á!" Ó fò dìde. "Ṣé o mọ nǹkan tó o ṣe? Kò níye mọ́! Òkú ọjà lo fi ránṣẹ́ sí mi!"

"Kó o lè mọ̀ pé mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀ ni. Mo ti ní kí oníná máa lọ."

"Oníná ti lọ?" Ó wò ó, bó ṣe máa ń wo ọjà gan-an ló ṣe wò ó. "Ta ló wá kù tó ń béèrè ẹ?"

Ẹ̀gbọ́n Adíyelé ti yọjú láti inú. Adíyelé yíjú sí i, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣebí ẹ ní kí n tètè lọ rí ìyá ẹ̀ kí oníná tó gbà á? Oníná ti lọ. Kò sẹ́lòmíì tó ń béèrè ẹ̀. Kí ni mo tún ń kánjú fún?"

Àǹtí wo aránṣọ láti òkè délẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí. "Kò kúkú níbi tó ń lọ."

Abẹ́rẹ́ rìn padà sílé. Ojú tì í bí ẹni tí aṣọ já lára rẹ̀ láàárín títì. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọkùnrin náà kò purọ́.

Adíyelé kò kọ̀ ọ́ o. Bí Abẹ́rẹ́ bá pè é, á ní, "Mo wà ńbẹ̀." Ó kàn dẹ́kun wíwá ni. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ohun kan ṣoṣo ni Abẹ́rẹ́ ń fẹ́: kí ọkùnrin yìí wá lọ́jọ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń béèrè òun. Kó wá lọ́wọ́ òfo, kó ní àárò rẹ̀ sọ òun, tán. Òun á ti gbà kó tó sọ ọ́ délẹ̀. Bí bàtà bá ti ró lẹ́nu ọ̀nà, á dá ẹ̀rọ dúró. Nígbà mìíràn, á wọ inú géèmù, á rí i lọ́ọ̀ọ́kán láàárín ọjà, tó wọ ìyẹ́ aláró. Ìyẹ́ náà nìkan ni ohun tí Adíyelé ní tí kò lè díye lé.

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá. Oníná rí ìyàwó níbòmíràn. Nítorí pé kò di ẹnikẹ́ni sínú, ọ̀dọ̀ wọn ló kó aṣọ kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀ wá. Níbi tó ti na apá méjèèjì tí Abẹ́rẹ́ ń wọn àyà rẹ̀ ni Àǹtí ti ń kọjá lọ. Ó gbọ́ "ìgbéyàwó", kò dúró gbọ́ ìyókù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adíyelé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fọ rọ́bà kúrò lọ́wọ́. Àǹtí dúró ní òdìkejì títì, ó ń wo ibòmíràn.

"Abẹ́rẹ́ mi."

Ọkàn Abẹ́rẹ́ fò sókè, ọkàn òmùgọ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Sọ tìẹ."

Adíyelé gbé itọ́ mì. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò lè sùn. Àǹtí ti gbà. Oṣù tó ń bọ̀ la máa ṣègbéyàwó bó o bá fẹ́. Kò sí nǹkan tó o máa béèrè tí mi ò..." Ojú rẹ̀ sá lọ sára aṣọ kóòtù tó wà lára ògiri, ó sá padà.

"Kí ló mú ẹ wá lónìí?"

Adíyelé kì í parọ́ iye. "Mo gbọ́ pé oníná ti dá aṣọ ìgbéyàwó."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù kí Abẹ́rẹ́ sọ: èmi kọ́ ni ìyàwó oníná. Bó bá sọ ọ́, ọkùnrin yìí á tún fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ́rìn-ín, á ní òun wà ńbẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, á fẹ́ ẹ lóṣù tó ń bọ̀, títí ọjọ́ tó máa mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń béèrè.

"Mo gbọ́," ló wí.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Wọ́n ti so mí."

Adíyelé di ẹnu ọ̀nà mú. "Láti ìgbà wo?"

"Ìwọ lo mòfin ọjà. Ohun tí wọ́n bá ti so mọ́ orúkọ èèyàn, ṣé ó tún ṣeé tà?"

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wò ó, ó dùn mọ́ ọn, adùn náà sì korò. Adíyelé kò béèrè orúkọ ta ni. Bó bá béèrè ni, orúkọ tirẹ̀ ni ì bá gbọ́.

Ó rékọjá títì lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti ẹ̀yìn.

"Oníbàárà ni, Màámi." Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ padà sórí ẹ̀rọ. "Ó béèrè iye, kò rà."