Dókítà Tó Fẹ́ Kanpósí

Inú pósí ni dókítà ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin tí yóò fẹ́.

Ẹ má sá o, bó ṣe rí nìyẹn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Dókítà kanlẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, ló bá wọlé tòun ti báàgì lọ́wọ́. Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá kún inú pálọ̀. Ayùn wà lórí àga, ìṣó wà nínú ife tíì. Pósí kan wà láàárín ilé, ọkùnrin kan sì nà gbalaja sínú rẹ̀, ó dijú, ó káwọ́ lé àyà. Báàgì já bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ó kúnlẹ̀ gbì, ó fìka méjì tẹ ọrùn ọkùnrin náà.

Ọkùnrin náà lajú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dé e," ló wí. "Mo ṣì ń gbádùn ẹ̀."

Igbe tí dókítà ké le débi pé ìyá arúgbó kan dáhùn láti yàrá lọ́hùn-ún: "Kanpósí! Ṣé o tún ti dùbúlẹ̀ sínú ọjà ẹlòmíì ni?"

"Ẹ má bínú, Dókítà," Kanpósí ní, ó ń gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára. "Ẹni tí mò ń kan èyí fún ga tó mi ni. Mo ní kí n wò ó bóyá á gba ẹsẹ̀. Oníbàárà tèmi kì í lè padà wá ṣàròyé."

Dókítà ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín.

Ìyá Kanpósí ló wá wò. Bí ètò dókítà yìí ṣe rí ni pé ìdílé tó bá wọ̀ ọ́ á máa san owó lóṣooṣù, ara wọn ìbáà dá, ìbáà má dá; dókítà á sì jẹ́ tiwọn. Wọn ò ní lọ tò sórí ìlà níbì kankan. Wọ́n á pè é lórí fóònù, á wá bá wọn nílé, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á gbọ́ tẹnu wọn dópin.

Ọkàn ìyá ti rẹ̀. Mi ò sọ ti ìbànújẹ́ o. Ọkàn gan-an ni mò ń wí, èyí tó ń fún ẹ̀jẹ̀ kiri ara. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìrọ̀rí. Tó bá dùbúlẹ̀ pẹrẹsẹ, èémí á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ó máa pa mí?" ìyá bi í.

"Ó máa pa yín, mà. Ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó fìyà jẹ yín kó tó ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìyẹn náà dáa. Ẹ ṣáà bá mi fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ọmọ mi ò tíì láya, pákó ló ń gbá mọ́ra káàkiri ilé."

Dókítà ní kí wọ́n máa gbé orí ìyá sókè tó bá ń sùn. Nígbà tó fi máa padà wá, Kanpósí ti kan ìfẹ̀yìntì pákó kan tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó fi fóòmù lé, ìyá sì fẹ̀yìn tì í bí olorì, ó ń mí dáadáa.

"Nínú gbogbo ohun tí mo ti kàn láyé mi," Kanpósí ní, "àkọ́kọ́ nìyí tí ẹni tó ń lò ó á sọ fún mi pé o ṣeun."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bá dókítà gbé báàgì lọ sídìí mọ́tò.

"Ṣé ẹ̀ ń bọ̀ lọ́la?"

"Àìsàn màmá ò tíì béèrè ìyẹn."

"Tèmi ńkọ́?"

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Àyà mi ni. Bí mọ́tò yín bá ti ń yà ní kọ́nà yẹn báyìí, ó máa ń mú mi."

"Kò sí òògùn ẹ̀ nínú báàgì yìí," dókítà ní, ó sì yára wọ mọ́tò kó má baà rí ojú òun.

Ṣé ìyá ò ní etí ni? Lọ́jọ́ kan ó bi dókítà léèrè gbangba: "Àbí ọmọ mi ò wù yín?"

Dókítà dé ìgò òògùn ọwọ́ rẹ̀. "Mà, dókítà ò gbọdọ̀ fẹ́ ará ilé ẹni tó ń tọ́jú. Òfin tí mo fi dá ètò yìí sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbọ́dọ̀ lè bá mi jà, kẹ́ ẹ lé mi jáde, láìro ti ẹnikẹ́ni."

"Ẹ fà mí lé ẹlòmíì lọ́wọ́ nígbà náà."

"Ta ló kù? Ọlọ́wọ́-Tútù?"

Ọlọ́wọ́-Tútù ni dókítà tó ń ṣe irú ètò yìí ládùúgbò kejì. Ó ti bá dókítà wá wo ìyá lẹ́ẹ̀kan. Bó ṣe gbé ọwọ́ tó tutù bíi yìnyín lé àyà ìyá ni ìyá lọgun bí ẹni tí ọjọ́ ìdájọ́ dé bá. Dókítà ò ní fi ìyá sílẹ̀ nítorí ọkùnrin. Ó gbé ìfẹ́ rẹ̀ mì.

Ó ti pẹ́ jù. Wọ́n ti rí òun àti Kanpósí tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nídìí mọ́tò, àdúgbò sì ti gbà pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣòwò. Ìyá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ pè.

"Dókítà, mi ò ní yín sínú o. Àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá kẹ́yìn, mo rí i bẹ́ ẹ ṣe wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀."

"Mò ń wò ó bóyá ara yín wú ni, mà."

"Hùn. Ẹ̀ ń wọn gígùn mi ni. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò."

Àwọn míì tẹ̀ lé e. A lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí òtútù àyà kọlu Ìyá Tíṣà. Abẹ́rẹ́ ì bá lé e lọ. Kò pe dókítà kankan. Ó fi ìbẹ̀rù ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì kú síbẹ̀.

Nígbà tí dókítà wá wo ìyá, Kanpósí ń fá pákó ní pálọ̀. Kò gbójú sókè.

"Ti Ìyá Tíṣà nìyí," ó ní. "Ẹ̀rín wa ló pa á."

"Ẹnu àwọn èèyàn ló pa á."

"Ó kú náà ni. Àwọn tó kù ńkọ́, Dókítà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Láti ìgbà náà, bí mọ́tò dókítà bá ti yọ, Kanpósí á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Dókítà á tọ́jú ìyá, á gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì jókòó sínú mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè wà á.

Àfi lọ́jọ́ tí ìyá pè é. "Dókítà, mo ti kúrò nínú ètò yín."

Dókítà sáré gba ilé wọn lọ. Ìyá ló bá lórí bẹ́ẹ̀dì, Kanpósí sì dúró ti ògiri bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ọn.

"Mà, tó bá jẹ́ nítorí ohun tí wọ́n ń sọ kiri—"

"Pé ẹ̀ ń wá èrò fún pósí? Èmi! Ẹni tí ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀!" Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà ò sì lọ bọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ dúdú. Dókítà na ọwọ́ sí báàgì. Ìyá gbá ọwọ́ náà dànù.

"Gbé e sílẹ̀. O kì í ṣe dókítà mi mọ́. Ti Ọlọ́wọ́-Tútù ni mo wọ̀ láàárọ̀ yìí. Ó ti fọwọ́ kàn mí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ mo gbà bẹ́ẹ̀." Ó mí díẹ̀. "Òfin rẹ dà? O ò tọ́jú ẹnì kan nílé yìí mọ́. Jókòó, ọmọ mi."

Dókítà jókòó. Omijé ti dí i lójú.

"Màámi, àwọn tó kù máa sá," Kanpósí ní.

"Ẹ ò fẹ́ra yín, síbẹ̀ Ìyá Tíṣà kú. Kí lẹ rí jẹ níbẹ̀? Sọ tẹnu ẹ, kí n tó kú mọ́ ọ lórí."

Kanpósí wo ilẹ̀. "Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Àwọn tí mò ń ṣiṣẹ́ fún kì í fèsì."

"Èmi á fèsì," dókítà ní. "Bi mí."

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ."

"Àwọn tó bá sá, èmi fúnra mi á lọ bẹ̀ wọ́n," Kanpósí ní. "Màá sọ fún wọn ní ojúlé-ojúlé pé mi ò fẹ́ kan pósí wọn."

Ìyá mú ọwọ́ àwọn méjèèjì, ó fi ọ̀kan lé èkejì, ó sì tẹ̀ wọ́n mọ́ àyà rẹ̀ tó ń dùn ún.

Kò dúró de ìgbéyàwó. Ọ̀sán kan ló lọ, lójú àwọn méjèèjì. Ọlọ́wọ́-Tútù ló wá gbọ́ àyà rẹ̀, tó pa ojú rẹ̀ dé, tó kọ ìwé ikú.

Gbogbo ilé tí dókítà ti bá ikú pàdé, ó máa ń ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Lónìí, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kanpósí, ó la ẹnu, ó sì sunkún sókè bí ará ilé ṣe ń sunkún.

Ọlọ́wọ́-Tútù dúró níwájú rẹ̀. Kò pè é ní dókítà.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyàwó," ó ní. "Ẹ kú ìrọ́jú."

Kanpósí ló bá a dáhùn.

"Ẹ ṣé," ó ní. "Ìyá wa ni."