Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Ìwé Ìròyìn Pamọ́

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí àwọn èèyàn Drumcora, abúlé wa ní agbègbè Mayo, kún inú ilé arọ, ibi iṣẹ́ irin bàbá mi, lọ́sàn-án Sátidé yẹn. Odò ti gbé afárá lọ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tó máa ń kó lẹ́tà àti ìwé ìròyìn wá láti ìlú Castlebar ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n wá, wọ́n yí iná ká, wọ́n ń wo ojú mi.

Sabina ni orúkọ mi, ọmọ Marcas Lavelle alágbẹ̀dẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí nígbà náà. Bàbá mi ló ń kan bàtà fún àwọn ẹṣin ọkọ̀ lẹ́tà, Thady awakọ̀ a sì máa fún wa ní ìwé ìròyìn tí àwọn èrò inú ọkọ̀ bá kà tán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ èdè Áírííṣì là ń sọ lọ́dọ̀ wa. Èmi nìkan ni mo gbọ́ méjèèjì tí mo sì mọ̀wé. N ó kà á sínú, n ó sì sọ ọ́ síta fún wọn. Àwọn àgbà ń pè mí ní Ẹnu Drumcora.

Oríyìn yẹn ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Bí ìròyìn bá gbẹ, mo máa ń bu omi sí i. Nígbà kan, adájọ́ kan dá ẹjọ́ ẹni tó jí ewúrẹ́. Ìlà méjì péré ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́nu mi, ewúrẹ́ náà ké mọ́ adájọ́ nílé ẹjọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi bi mí pé, "Sabina, ṣé ewúrẹ́ yẹn ké nínú ìwé lóòótọ́?"

"Ó ké, Bàbá."

Ó wò mí díẹ̀, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, Úna Gaughan, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Colman, jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà. Opó ni. Colman nìkan ni ọmọ tó kù fún un, ọmọ náà sì ti wọ ọkọ̀ ojú omi Rosanna lọ sí Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwé ìròyìn máa ń to orúkọ àwọn ọkọ̀ tó bá ti gúnlẹ̀. Bí mo bá ti kà á tán, ìbéèrè kan náà ni Ìyá Colman máa ń bi mí: "Rosanna ńkọ́?" Láti ìgbà tí afárá ti lọ, wọ́n ní kò jẹun mọ́, àfi wàrà díẹ̀.

Àwọn èèyàn ti ń dìde láti máa lọ nígbà tí Delia ọ̀rẹ́ mi fi ìgúnpá gún mi.

"Ṣé o máa jẹ́ kí wọ́n lọ báyìí ni? Mú ìwé ìròyìn oṣù tó kọjá jáde, kí o kà á. Ta ló máa mọ̀?"

"Wọ́n á béèrè bó ṣe dé."

"Sọ pé ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn gba orí òkè wá. Àbí ojo ni ọ́? Mo rò pé ìwọ ni Ẹnu Drumcora."

Mo mú un jáde, mo ní ẹnì kan fẹsẹ̀ gbé e gba orí òkè wá. Mo ka èyí, mo fo ìyẹn, mo fi tẹnu mi kún un. Ilé arọ tún gbóná. Ìgbà náà ni Ìyá Colman na ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbẹ bí igi sí mi.

"Rosanna ńkọ́, ọmọ mi?"

Ǹ bá sọ pé kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ń wò mí, àánú obìnrin náà sì ń ṣe mí.

"Ó ti gúnlẹ̀, Ìyá Colman. Gbogbo èrò inú rẹ̀ ló sọ̀ láyọ̀."

Ó kúnlẹ̀, ó gbàdúrà, ó sì yíjú sí bàbá mi. "Marcas, ṣé búrẹ́dì wà nílé yín? Ebi ń pa mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan sunkún. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín lórí èyí: inú mi dùn gan-an.

Ní Ọjọ́rú, wọ́n ti fi pákó tẹ́ orí odò, ọkọ̀ lẹ́tà sì dé. Thady ju ìwé ìròyìn kan sí mi. "Ìyàwó mi, gbà. Tuntun ni, gbígbóná."

Mo lọ kà á lẹ́yìn ilé. Ìjì ti ṣẹ́ òpó ìgbòkun Rosanna lójú òkun, ó ti gbá a padà sẹ́yìn, ó sì gbé e lu àpáta nítòsí ìlú Sligo. Èèyàn púpọ̀ ti kú. Wọ́n to orúkọ àwọn aláìsàn tí wọ́n tẹ́ sí ilé kan nílùú náà, wọ́n ní kí àwọn ẹbí wọn tètè wá. Orúkọ kẹrin ni Colman Gaughan, Drumcora.

Sligo gan-an ni ọkọ̀ Thady ń lọ. Bàbá mi ṣì ń kan bàtà ẹṣin rẹ̀. Thady fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń mu tíì. Mo fi ìwé náà han Delia.

"Pa á mọ́," ni ó wí, ètè rẹ̀ ti funfun. "Wọ́n á ní a fi ìyá arúgbó ṣeré. Ara Colman á yá, òun fúnra rẹ̀ á sì kọ̀wé."

Mo ká a, mo tì í bọ inú koríko òrùlé. Mo gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lọ. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé òjò ti ba ìwé ìròyìn jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Colman gbé ẹyin mẹ́fà wá fún mi, ó ní èrè ẹnu tí mo fi ròyìn ayọ̀ ni. N kò lè jẹ wọ́n.

Ní Sátidé, Thady gbé lẹ́tà kan wá fún Ìyá Colman. Ìyá náà gbé e dé ọ̀dọ̀ mi tẹ̀ríntẹ̀rín. "Lẹ́tà Amẹ́ríkà mi dé. Kà á kí gbogbo wọn gbọ́."

Mo ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: "Ẹ wá kíákíá. Ọmọ yín ń pè yín. Láti Sligo." Bí mo ti sọ ọ́ jáde ni mo bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fa ìwé ìròyìn náà yọ láti inú òrùlé.

"Ọjọ́ wo ni eléyìí dé?" ni bàbá mi béèrè.

"Ọjọ́rú."

"Thady wà níbí ní Ọjọ́rú."

"Ó wà, Bàbá."

Bàbá mi gbé Ìyá Colman sínú ọkọ̀ Thady bí ẹni gbé ọmọdé.

Ní ọjọ́ Àìkú ni Ìyá Colman dé Sligo. Àárọ̀ Ẹtì ni Colman ti kú.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ padà dé, ó wọ ilé arọ wa, gbogbo èèyàn sì dìde. Ó na bébà kan sí mi.

"Obìnrin tó tọ́jú rẹ̀ ló kọ ọ́. Kò gbọ́ èdè mi, n kò gbọ́ tiẹ̀, àfi Colman tó gbọ́ díẹ̀. Kà á fún mi."

Mo kọ́kọ́ kà á sínú. Mo rí ibi tí mo lè fò, mo sì mọ̀ pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n mo kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́:

"Ní Ọjọ́rú, ó mu omi ọbẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, pé ìyá òun ń bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ìgbàkígbà tó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, ó máa ń béèrè bóyá ọkọ̀ Mayo ló dé. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, kò béèrè mọ́."

Ìyá Colman gba bébà náà, ó rọra ká a. "Irọ́ àkọ́kọ́, mo lè gbé e, Sabina. Ebi ń pa mí, irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n jẹun. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni n kò mọ ibi tí n ó gbé e sí."

Ó gbé ọdún mọ́kànlá sí i láyé. Bí mo bá kí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń dá mi lóhùn. Kò tún wọ ilé arọ wa mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn mi, irọ́ kì í dá rìn. Èyí tí ẹ bá pa lónìí ni yóò rán yín ní iṣẹ́ mìíràn lọ́la, kí ẹ lè bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹnu yín bá ti ṣì sọ, ẹ tètè padà lọ tún un ṣe, bó ti wù kí ojú tì yín tó. Ìtìjú tí mò ń sá fún lọ́jọ́ yẹn, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Èyí tí mo gbà dípò rẹ̀ ti pé ogójì ọdún, kò sì tíì lọ.