Ẹ Má Kí Mi Lẹ́nu Iṣẹ́

Ìbídùn ń kọ ọ̀rọ̀ nípa àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ nígbà tí èémí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n nínú yàrá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé oorun ló ń kùn òun. Ó yán, ó tún yán, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, ojú rẹ̀ ń ṣú. Ìgbà tó gbé etí sí ògiri, ariwo fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tí ihò afẹ́fẹ́ máa ń pa ní gbogbo ìgbà ti dákẹ́. Ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé ibi tí ilẹ̀kùn wà nínú yàrá tó ti ń gbé fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ títí ó fi kan ilẹ̀kùn náà, ó ṣí i, ó sì ṣubú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí àpò ìrẹsì.

Ẹni tí kò dé Abẹ́-Igbá rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún yín. Orí òṣùpá ni ìlú náà wà, lábẹ́ dígí ràbàtà tí wọ́n dà dé e bí ẹni da igbá dé oúnjẹ. Kò sí afẹ́fẹ́ níta rárá, èyí tó wà nínú kò sì pọ̀. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Apínèémí ló ń pín in láti yàrá dé yàrá. Ibi tí ènìyàn bá wà, á ṣí afẹ́fẹ́ síbẹ̀. Ibi tó bá ṣófo, á tì í. Bó ṣe ń mọ ibi tí ènìyàn wà, ìwọ̀nba àwọn ẹnjiníà ló yé. Àwa yòókù ń mí, a ò bèèrè. Ta ní í bèèrè bí omi ṣe dé inú àgbọn?

Ọ́fíìsì omi ni Ìbídùn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá, pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ lápá ọ̀tún, tí ariwo ọ̀gá wà lápá òsì. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ tó di òǹkọ̀wé aládàáni. Àwọn ìwé ìròyìn Ilé-Ayé ló ń kọ̀wé fún. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti kà nípa nǹkan kéékèèké tó ń dùn mọ́ ènìyàn lórí òṣùpá: bí èèyàn ṣe lè ró ìró nìkan ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, bí ògì ṣe ń dùn tí kò bá sí ẹni tó ń kánjú ẹni, bí oòrùn ṣe ń gba inú dígí wọlé wá sórí àtẹ́lẹsẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn gan-an, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ọ̀gá, kò sí agogo. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù lọ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn jẹ́. Bàbá Ṣówándé ni, tí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tirẹ̀. Ìyàwó wọn ti kú, orúnkún kò jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà mọ́, ẹ̀rọ ló sì ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ní àràárọ̀ wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á na ohùn sókè: o kú iṣẹ́ o, ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, iṣẹ́ ńkọ́, àwọn ará ọ́fíìsì ńkọ́. Bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé kò sí ọ́fíìsì mọ́. Kí Ìbídùn tó dáhùn tán, gbólóhùn tó fẹ́ kọ á ti fò lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ má máa kí mi mọ́ tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni màá máa wá kí yín nírọ̀lẹ́.”

Bàbá ní kò burú. Wọ́n tiẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn wọn láti ọjọ́ náà, kí ikọ́ wọn má baà dí i lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, iṣẹ́ Ìbídùn kò tán. Ní ti ọjọ́ kejì, ó ti sùn lọ.

Ẹni tó ń kọjá ló rí Ìbídùn nílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi ké sí Ẹnjiníà Àkànmú, tí Apínèémí wà níkàáwọ́ rẹ̀, àti Ìyá Wúrà, olórí àdúgbò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ẹnjiníà tú ihò afẹ́fẹ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ̀rọ gbà pé kò sẹ́ni nínú yàrá náà ni. Ìbídùn, tó ṣì ń mí gúlegúle, ní báwo, nígbà tí òun ò jáde láti ìjẹta.

“Ta ló kí yín kẹ́yìn?” ni ẹnjiníà bèèrè.

Ìbídùn jẹ́wọ́ ohun tó bẹ Bàbá. Ni ẹnjiníà bá tú àṣírí ẹ̀rọ. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìlú, wọ́n dán ooru ara wò, àmọ́ sítóòfù pàápàá máa ń gbóná. Wọ́n dán ohùn wò, rédíò tí èèyàn gbàgbé láti pa ń tàn án. Ni wọ́n bá bi àwọn àgbà pé àmì wo ni kì í yẹ̀ pé èèyàn wà nílé. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín: Yorùbá wo ló máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹnìkejì láìkí i? Bí wọ́n ṣe fi Etí-Ilé sínú gbogbo ògiri nìyẹn. Tí ẹnì kan bá kí tí ẹlòmíràn dáhùn, tí ọ̀kan wà nínú yàrá tí èkejì wà lóde yàrá náà, ì báà jẹ́ inú yàrá tirẹ̀ ló wà, Etí-Ilé á mọ̀ pé yàrá náà ní èèyàn. Tó bá di ọjọ́ mẹ́ta tí kò gbọ́ ìkíni tó ní ìdáhùn, á ti afẹ́fẹ́. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò tíì ṣì í ṣe rí.

Ìyá Wúrà fárí gá. Ó ní òun kìlọ̀ nígbà náà pé kí wọ́n má fi ẹ̀mí ọmọ ènìyàn sọ́wọ́ ẹ̀rọ.

“Ẹ̀yin àgbà lẹ fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè yẹ̀, Ìyá,” ni ẹnjiníà wí.

“Ohun tí a mọ̀ la sọ, Àkànmú. A ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí èèyàn á máa bẹ ẹnìkejì pé kó má kí òun.”

Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n ń fà á bọ̀. Ìbídùn kò gbọ́ wọn mọ́. Ilẹ̀kùn òdìkejì ló ń wò. Ta ló ń dá Bàbá lóhùn? Òun nìkan ni. Ìkíni kan náà ló ń ṣí afẹ́fẹ́ fún àwọn méjèèjì, ọjọ́ kan náà ló sì dáwọ́ dúró. Òun ní ẹsẹ̀ tó gbé òun jáde. Ìbẹ̀rù gbá a mú, ó fi orúnkún wọ́ dé ìdí ilẹ̀kùn náà, ó ń gbá a.

“Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o! Bàbá, ẹ kú ìjókòó! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!”

Gbogbo wọn tẹ́tí, wọ́n ń retí ẹyọ ìdáhùn kan, nítorí ìdáhùn nìkan ló lè mú kí Etí-Ilé ṣí afẹ́fẹ́. Kò sí ìdáhùn. Ẹnjiníà fi èjìká já ilẹ̀kùn. Bàbá ti wọ́ àga wọn dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, orí àga náà ni wọ́n wà, ẹ̀mí ti bọ́. Ìyá Wúrà tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò wọ́n.

Ẹnjiníà ṣí ara ògiri kó lè ka ohun tí Etí-Ilé gbọ́ gbẹ̀yìn. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ní ní nǹkan bíi wákàtí kan sẹ́yìn, ìkíni kan ti inú yàrá yìí jáde. Ó dé yàrá òdìkejì ketekete. Ká ní ẹnikẹ́ni jẹ́ “òo” péré, afẹ́fẹ́ yàrá méjèèjì ni ì bá ṣí.

Ó wá yíjú sí Ìbídùn, ó bi í bóyá ó gbọ́ ọ.

Ìbídùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo gbọ́,” ló wí. “Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé àdéhùn wa ni.”