Àlàfo Inú Eruku

"Kékeré, ìlà gíráàfù tìẹ nìkan ló ní kòtò. Ṣé ìwọ nìkan lo gbọ́n ni?"

Ọ̀gá Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tó máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì wọn. Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ìlẹ̀kùn yàrá kọ̀m̀pútà wà ní títì, wọ́n sì fún mọ́ra nínú rẹ̀. Kékeré kò ríbi sá sí.

Àǹtí onímọ̀ ìràwọ̀ kan tó wá sí iléèwé wọn ló gbé iṣẹ́ náà fún wọn. Ó ní eruku máa ń yí ìràwọ̀ tí kò tíì dàgbà ká, eruku náà a máa gbóná, a sì máa tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kì í rí. Kí wọ́n wọn ìmọ́lẹ̀ náà lórí kọ̀m̀pútà láti ẹ̀bá ìràwọ̀ lọ síta, kí wọ́n sì fi ya gíráàfù. Níbi tó bá ti dínkù lójijì, àlàfo ló wà nínú eruku, ó sì ṣeé ṣe kí ayé tuntun máa kó eruku ibẹ̀ jọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù yóò bá a lo ọlidé níbi tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀. Kékeré ti kó aṣọ sí báàgì sílẹ̀ nílé.

Ó tún un wọ̀n. Kòtò náà ò kúrò.

"Ẹ wò ó, ó ń gbẹ́ kànga sójú ọ̀run," ni ẹnìkan wí.

Ojú Ọ̀gá Ìwé ni gbogbo kíláàsì fi ń ríran. Ta ni Kékeré tí yóò ta kò ó? Ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó da ìlà tó jọ̀lọ̀ ti Ọ̀gá Ìwé kọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Àǹtí dé, ó wo iṣẹ́ wọn títí, ìlà gbogbo wọn jọ̀lọ̀ bákan náà. "Ìràwọ̀ kan náà ni gbogbo yín wọ̀n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ọ̀gá Ìwé dáhùn.

"Ìràwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi sínú kọ̀m̀pútà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ṣoṣo ló ní àlàfo. Inú kọ̀m̀pútà ẹ̀bá fèrèsé ló wà. Ta ló jókòó níbẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Kékeré. "Èmi ni, mà. Mo rí i. Torí pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ṣe pa á rẹ́."

Àǹtí mí kanlẹ̀. Kò mú ẹnikẹ́ni lọ síbi ọlidé náà.

Nílé, ìyá rẹ̀ bá a níbi tó ti ń tú aṣọ jáde nínú báàgì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí," ni ìyá wí. "Ojú ta nìwọ fi ṣọ́ tìẹ?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí ojú yín bá rí òótọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹgbẹ́ fọ́ yín lójú.