Ẹ̀rí Ọkọ̀ Láṣebìkan

Nígbà tí Agbẹ̀rí dákẹ́, gbogbo ará ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ tí kì í pẹ́ kí ó tó dá ènìyàn lóhùn ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti ki ọkọ̀ fún un rí.

Ní ìgbà tí à ń sọ yìí, gbogbo ọkọ̀ ìlú Òkè-Ìtànná ló ní ìrántí. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti ṣe ọkọ̀ ni yóò ti máa rántí gbogbo ibi tó bá lọ àti gbogbo ẹni tó bá gbé, tí yóò sì máa rò ó fún àwọn Ojú-Ọ̀nà, ìyẹn àwọn òpó tí ń ṣọ́ títì. Ọkọ̀ tí kò bá ní ìrántí kò lè wọ ìwé ìjọba. Èyí tí kò bá sì wọ ìwé, wọn yóò rún un. Ọkọ̀ Bàbá Láṣebìkan ti lé ní àádọ́ta ọdún. Epo ló ń mu. Kò mọ̀ ju kí ó gbéra, kí ó sì dúró.

Àwọn àgbà ìlú ló ní ìrẹ́jẹ ni. Nítorí wọn ni Adéyọọlá, ọ̀dọ́bìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe ṣe Agbẹ̀rí, kí ẹni tó ni ọkọ̀ àtijọ́ lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ọkọ̀ náà, kí ẹ̀rọ wádìí rẹ̀, kí ó sì fi í ṣe ìrántí fún ọkọ̀. Ó ní kí Bàbá ṣáà sọ ohun tó bá rántí. Okùn sálúbàtà ọmọbìnrin náà kan ti já, òwú pupa ló fi rán an. Ìyẹn fi Bàbá lọ́kàn balẹ̀.

Bàbá kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́rìí fún ẹ̀rọ. Ó ṣe ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀ bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò dáhùn. Ó fi oríkì kì í.

"Akérémọ̀nà, ọkọ̀ Láṣebìkan. Ó gbé aboyún délé agbẹ̀bí kí omi tó dà. Ó gbé olè tó ronú pìwàdà lọ dá ewúrẹ́ padà. Ó gbé obìnrin olójú wíwú kọjá odò Ọ̀yán ní ìyálẹ̀ta. Ọkọ ń wá a níwájú, ó ti gba ẹ̀yìn lọ."

Kò dárúkọ ẹnì kankan. Ó ti búra fún obìnrin náà lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn pé orúkọ rẹ̀ kò ní ti ẹnu òun jáde, kò sì jáde. Agbẹ̀rí dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni iná ewéko rẹ̀ tàn. Wọ́n fi ìrántí náà, ohun kan tí kò ju awẹ́ obì lọ, sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, wọ́n sì kí Bàbá kú oríire.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá Ìbídàpọ̀ tó ń rán fìlà ní Àdúgbò Alámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá pẹ̀lú àpò kan. Kò jókòó. Ó na fóònù sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Fẹ́hìntọlá, ìyàwó Ògúnkúnlé, tí a mọ̀ sí Màmá Ìbídàpọ̀ báyìí, ojúlé kejìlá, ni ọkọ̀ Láṣebìkan gbé kọjá odò. Ẹni tó bá ní àtakò, ọjọ́ méje ló ní. Orí ayélujára ló wà, níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Wọ́n sì ti fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀, ní ilé tó ti sá kúrò.

"Ó ti dáhùn," ni obìnrin náà wí. "Ó ní òun ń bọ̀ wá jẹ́rìí."

Bàbá ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń wá ibi tí òun ti sọ ọ́, kò rí i. Ó pe Adéyọọlá.

"Mi ò dárúkọ rẹ̀."

"Ẹ̀rọ ló wá a rí, Bàbá. Ẹ sọ odò, ẹ sọ ojú wíwú. Ìwé ilé ìwòsàn wà, àwòrán ẹnubodè wà. Ó so wọ́n pọ̀ ni."

"Ta ló rán an?"

"Ẹ̀yin àgbà lẹ ní ká má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bí a ò bá gbé ẹ̀rí síta kí aráyé yẹ̀ ẹ́ wò, báwo la ṣe máa mọ̀ pé òtítọ́ ni?"

"Òtítọ́ ni. Yọ ọ́ kúrò."

"Bí mo bá yọ ọ́, wọ́n á rún ọkọ̀ yín."

"Kí wọ́n rún un."

Ohùn ọmọbìnrin náà ti rẹlẹ̀. "Bàbá, ẹgbàafà ènìyàn ti kà á. Mi ò lè yọ ọ́ lójú wọn."

Màmá Ìbídàpọ̀ kò bá Bàbá jà. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé òun lọ bíi ti ìjọ́sí, nítorí gbogbo ọkọ̀ yòókù ló ń sọ̀rọ̀. Bàbá ṣílẹ̀kùn fún un. Ó wọlé, ó gbé àpò lé itan.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Fẹ́hìntọlá," ni ọkọ̀ wí. "Ṣé ibi tí mo gbé yín lọ níjọ́sí náà là ń lọ?"

Ọwọ́ Bàbá wà lórí kọ́kọ́rọ́, kò lè yí i. Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé bí ẹni pé ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Bàbá gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé orí rẹ̀ tó ti hewú, wọ́n sì jọ ya sí ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ilé, níbi tí kò sí òpó. Wọ́n ń gbọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn wọn. Ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè ibi tí òun yóò sọ fún àwọn Ojú-Ọ̀nà pé wọ́n gbà.