Nọ́ńbà Tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ Gbé Sókè

Ẹ̀rọ ìgbẹ́rin tó wà ní ilé iṣẹ́ màmá Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tún dákẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wo àpótí kékeré tó wà lára ògiri, èyí tó ń darí eré mọ́tò iná tó ń yí ẹ̀rọ náà. Iná pupa ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n máa kó iṣẹ́ ọwọ́ ìdánwò lọ síwájú olùkọ́, irin tó ń gbẹ́ kò sì tíì dé ìdajì.

Mọ́tò náà dàgbà jù ú lọ. Màmá rẹ̀, oníṣẹ́ irin, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ so àpótí náà mọ́ ọn, kó lè máa sáré tàbí kó máa rọra yí bí iṣẹ́ bá ṣe gbà. Ẹ̀rọ yìí nìkan ló ń bọ́ wọn. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti dín eré rẹ̀ kù gan-an, nítorí kò fẹ́ kí irin náà bàjẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, nítorí ó máa ń dáhùn ìbéèrè kí olùkọ́ tó béèrè tán, sún mọ́ àpótí, ó nàka sí nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀. "Nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n iná tí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Tó bá ti kọjá ẹ̀, àpótí á dá ẹ̀rọ dúró. Gbé e sókè, kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu mọ́."

"Màámi ní kí n má fọwọ́ kàn án."

"Ṣé Màámi ló fẹ́ bá ẹ ṣe ìdánwò ni?"

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé nọ́ńbà náà sókè. Ẹ̀rọ ń yí jẹ́jẹ́, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Kò pẹ́ tí òórùn bíi ti ike tó ń jó gba gbogbo inú ilé iṣẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré pa ẹ̀rọ. Ó fọwọ́ kan mọ́tò, kíá ló fà á padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé wọ́n rán òun níṣẹ́ nílé, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ lè dá nọ́ńbà náà padà, kó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ó ṣì ń rò ó nígbà tí màmá rẹ̀ wọlé.

"Òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí?" Ìyá ti ń nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màámi, ẹ má tàn án. Èmi ni mo gbé nọ́ńbà yẹn sókè. Mọ́tò ti gbóná jù."

Ìyá fa ọwọ́ padà kíá. Ó gbé fáànù wá láti inú yàrá, ó kọjú rẹ̀ sí mọ́tò.

"Mọ́tò yìí ní fáànù kékeré tirẹ̀ lẹ́yìn, òun náà ló ń yí i," ó wí. "Tí mọ́tò bá ń rọra yí, fáànù náà á máa rọra yí ni, ooru ò ní ríbi jáde. Àpótí yẹn ò dí ẹ lọ́wọ́, ọmọ mi. Ó ń gbà ẹ́ ni. Ká ní mo tàn án báyìí, ó tán nìyẹn."

"Iṣẹ́ ìdánwò mi ńkọ́?"

"Bó ṣe wà yẹn ni wàá gbé e lọ."

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé irin aláàbọ̀ lọ, ó sì gba máàkì aláàbọ̀ bọ̀. Nígbà tó dé, ìyá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ dá nọ́ńbà padà, kó sì tan ẹ̀rọ. Mọ́tò kùn, ó sì yí. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mí kanlẹ̀.

Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ni iná pupa tún ṣẹ́jú. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ fa fáànù sún mọ́ mọ́tò, ó sì jókòó.

"Màámi, àpótí ní ká sinmi."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í. Ìgbà náà ló yé Pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé ohun tó ń dá èèyàn dúró nígbà tó ń kánjú lè jẹ́ ohun tó ń dáàbò bò ó, àti pé òótọ́ tó tètè sọ ni kò jẹ́ kí mọ́tò wọn jóná.